KÁMẸ́RÀ ARÁNṢỌ NÍ PÁPÁ LIBERTY

Bí ẹ bá ti gba kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ti ọdún yìí, ẹ ó ti rí àwòrán pápá ìṣeré tó wà lókè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi wá pé ta ló yà á, èló sì ni ẹgbẹ́ san fún fọtógíráfà. Kì í ṣe fọtógíráfà ló yà á o. Aránṣọ ni. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí a má dárúkọ òun, nítorí pé àwọn oníbàárà òun yóò ní ṣé ẹ rí i, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí aṣọ àwọn kì í fi í tètè jáde.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀yáwó. Gbogbo wa la mọ òfin ẹgbẹ́: ẹni tí ó bá ti ń fi owó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà gbáko lè yá ìlọ́po méjì ohun tí ó ní nílẹ̀, bí ó bá rí onídùúró méjì. Nígbà tí ìwé arákùnrin yìí dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, ohun tí ó kọ síbi tí a ti ń béèrè ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe ni "kámẹ́rà". Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé kì í ṣe máṣíìnì ìránṣọ lo fẹ́ kọ, ọmọ mi?" Ó ní, "Rárá o, bàbá, kámẹ́rà ni." Wọ́n bi í bóyá òde ìnáwó ni ó fẹ́ máa gbé e lọ, kí ó máa ya àwọn tí ń náwó lójú agbo. Ó tún ní rárá. Ó ní pápá ìṣeré Liberty ni òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń yà.

Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn gidi. Àwọn kan ní ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wà fún ohun tí yóò mú owó wálé. Pé bí ọkùnrin yìí kò bá rí owó san, àwọn onídùúró ni yóò forí fá a, owó tí wọ́n fi òógùn ojú pamọ́ ni a ó sì fà yọ. Àwọn kejì ní òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin sọ ni pé kí ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe jẹ́ ohun tó ṣàǹfààní, kò sọ pé dandan ni kí ó jẹ́ òwò. Wọ́n tún ní láti ọdún mọ́kànlá tí ọkùnrin náà ti wọ ẹgbẹ́, kò sí oṣù kan tí a wá owó rẹ̀ tì. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ ni pé ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í fi owó ṣeré, dìde, ó ní òun yóò dúró fún un. Aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe ìkejì. Bí wọ́n ṣe fún un lówó nìyẹn, oṣù méjìlá ni yóò sì fi san án.

Ẹ ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ pápá ìṣeré? Ilé wà, ọjà wà, òkè Màpó wà níbẹ̀ tí ó ń wo gbogbo wa. Àlàyé tí ó ṣe fún wa rèé. Bàbá rẹ̀ wà nínú èrò tí ó lọ sí Liberty ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Richard Ihetu, kojú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí àwọn méjèèjì ń pàdé nìyẹn. Tiger ti gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní San Francisco ní ọdún 1962, wọ́n ta ọ̀mì ní Las Vegas ní oṣù kejì ọdún 1963, Ìbàdàn ni wọ́n wá parí ẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìpele keje, Fullmer kò lè jáde wá fún ìkẹjọ mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ja irú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún oyè àgbáyé bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bàbá náà sọ ìtàn yìí títí tí ọlọ́jọ́ fi dé, ó mọ ibi tí ó jókòó sí, ó mọ ẹni tí ó jókòó tì í. Kò sì ní fọ́tò kan ṣoṣo tí yóò fi han ọmọ.

Ibẹ̀ náà sì jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ní àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí i, ọdún tí a gba òmìnira, orúkọ òmìnira ni wọ́n sì fún un. Ní ọdún 1980 tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, níbẹ̀ ni Ghana, Algeria, Morocco àti Guinea ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù tiwọn. Ní ọdún 1999, ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2010, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ ní Obafemi Awolowo Stadium, orúkọ tó yẹ ẹni tí wọ́n fi sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọkọ̀ ní Challenge, kí ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé Liberty lẹ̀ ń lọ, kò ní bi yín pé èwo nìyẹn. Àtúnṣe a sì máa bá irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ wo pápá Lekan Salami tó wà ní Adamásingbà, wọ́n ti tún un kọ́ ní ọdún àìpẹ́ yìí, ó sì dùn ún wò. Àmọ́ ẹ bi ọmọ kékeré bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹ ó gbọ́ èsì.

Kámẹ́rà tí ó rà, àlòkù ni, èyí tí kò lo fíìmù, lẹ́ńsì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ó máa ń bá kámẹ́rà wá láti ilé ìtajà, tí wọ́n kọ 18–55 sí lára. Olùkọ́ rẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ̀ tí ó ti ń ya fọ́tò láti ayé fíìmù. Òfin àkọ́kọ́ tí bàbá náà fún un ni pé kò gbọdọ̀ yà ju àwòrán 36 lọ nígbàkúgbà tí ó bá jáde, nítorí pé iye tí ó wà nínú róòlù fíìmù nìyẹn. Ó ní ẹni tí kò bá mọ̀ pé nǹkan lè tán kò ní fojú sílẹ̀. Òfin kejì: kí ó ní ìwé. Aránṣọ wa kò ra ìwé tuntun. Ìwé tí ó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí náà ni ó ń lò. A rí i pẹ̀lú ojú ara wa: "Àyà 42, apá 25, ọrùn 16." Lábẹ́ rẹ̀: "f/8, 1/250, aago mẹ́rin kọjá, ìkúùkù díẹ̀."

Kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí òkìkí àwòrán irun dídì rẹ̀ kàn dé òkè òkun, kámẹ́rà Brownie kékeré kan ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950, ojúlùmọ̀ kan ló sì kọ́ ọ. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí kí ó tó kọjá sí Èkó. Ọdún 2014 ni ó kú.

A bá aránṣọ wa lọ sí pápá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti gba ìwé àṣẹ kí a tó lọ, a sì gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ níyànjú pé kí ó gbà á, nítorí pé ẹni tó bá gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn láìsí ìwé, àlàyé ni yóò máa fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Ní ti ẹ̀rọ tí ń fò lókè yàwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní drone, ẹ má dán an wò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀sán gangan ni. Ó gun òkè pátápátá níbi ìjókòó òǹwòran, ó ya pápá. Nígbà tí ó wo ohun tí ó yà, koríko funfun bíi pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e, abẹ́ òrùlé sì dúdú bí inú ìkòkò. Ó rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Bàbá olùkọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ènìyàn lè wo oòrùn àti òjìji pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó sì mọ ohun tó wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè ṣe é. Ọ̀kan ni yóò mú, yóò fi èkejì sílẹ̀. Pápá ìṣeré sì ni ibi tí ó ti burú jù, nítorí pé òrùlé ibi ìjókòó àwọn ọlọ́lá máa ń ṣíji bo apá kan nígbà tí oòrùn ń jó apá kejì. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a wọn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, kí a má jẹ́ kí ó funfun jù, kí a fara mọ́ òkùnkùn díẹ̀. Ohun tó bá ti funfun tán kò sí ohun tí a lè rí fà yọ níbẹ̀ mọ́. Èyí tí ó dára jù ni pé kí a má lọ lọ́sàn-án gangan rárá.

Ọ̀pọ̀ pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń tẹ́ láti àríwá sí gúúsù, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà wọ kípà lójú. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ aago mẹ́rin sí mẹ́fà fi máa ń wá láti ẹ̀gbẹ́, tí yóò fi hàn pé àwọn àtẹ̀gùn ìjókòó ní ìlà, ní ìpele, ní ara. Lọ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ pẹlẹbẹ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, tí ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Kámẹ́rà ní ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ó sì ní ìlẹ̀kùn tí ń ṣí tí ó ń padé. Ihò yìí ni wọ́n ń fi f/4, f/8, f/16 wọ̀n. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni ihò ń kéré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí máa ń rú lójú, ṣùgbọ́n aránṣọ wa ní kò le: "Ṣebí bí òwú náà ṣe rí nìyẹn, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ga ni yóò máa tín-ín-rín." Ihò kékeré a máa jẹ́ kí ohun tó wà nítòsí àti èyí tó wà lọ́nà jíjìn mọ́lẹ̀ kedere pọ̀, nítorí náà f/8 ni ó ń lò fún pápá. Bàbá olùkọ́ tún kọ́ ọ ní ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára páálí fíìmù Kodak: bí oòrùn bá ràn dáadáa, fi ihò sí f/16, kí ìlẹ̀kùn ṣí fún ìwọ̀n tó bá nọ́ńbà fíìmù mu. Bí ó bá jẹ́ 100, fi sí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá tàbí 125. A dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ kankan.

Ìṣòro tó ta á létí jù ni ti àwọn òpó. Nígbàkúgbà tí ó bá gbé ojú kámẹ́rà sókè kí òrùlé lè wọ inú àwòrán, gbogbo òpó a fara ti ara wọn bí àwọn tó ti ibi ẹmu bọ̀. Ẹni tó bá ń gé aṣọ lójoojúmọ́ kò lè fara mọ́ ìlà tó wọ́. Àṣírí rẹ̀ ni pé kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ìlà yóò máa pàdé lókè. Kí ni ó wá ṣe? Ó so bọ́tìnnì ńlá kan mọ́ òwú, ó gbé e kọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé, bí bíríkìlà ṣe ń wọn ògiri. Dípò kí ó gbé ojú kámẹ́rà sókè, ó gun òkè sí i, ó sì fà sẹ́yìn. Àwọn òpó dìde dúró. Inú rẹ̀ dùn ní ọjọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n fún un lówó lọ.

Lẹ́ńsì rẹ̀ kò gba gbogbo pápá tán lẹ́ẹ̀kan. Fún èyí, ó ń ya àwòrán márùn-ún láti ojú kan náà, ó ń yí kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀, kí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó kọjá lè tún wà nínú èyí tó ń bọ̀, kò sì ní fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà ni yóò so wọ́n pọ̀. Ó ní kò yàtọ̀ sí kí a so ankara méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọnà má ya ara wọn. Bí ẹnì kan bá ń rìn kọjá nígbà náà, ó lè yọ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ó yọ láìlórí. A rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀, a kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní ti bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ó gbìyànjú, ó sì fi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù dúró jẹ́ẹ́ nínú fọ́tò, ìlẹ̀kùn kámẹ́rà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí kí ó sì padé láàárín ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán. Lẹ́ńsì gígùn ni wọ́n sì fi ń ṣe é, 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí owó rẹ̀ lè ra máṣíìnì ìránṣọ mélòó kan. Pẹ̀lú 55 tirẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù dà bí èèrà lórí ẹní. Tiwa ni pé ó ṣe dáadáa bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn ń ya bọ́ọ̀lù. Ta ló ń ya ìjókòó?

Ilẹ̀ wa kì í sì í pẹ́ ṣú. Láàárín aago mẹ́fà àbọ̀ sí méje kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí àsìkò bá ṣe rí, lẹ́yìn náà ogún ìṣẹ́jú ni a ní tí ojú ọ̀run yóò fi ní àwọ̀ aró kí ó tó dúdú pátápátá. Àsìkò yẹn ni ó dára jù láti ya pápá tí wọ́n tan iná sí. Ṣùgbọ́n àwọn iná ńlá wọ̀nyẹn ń ṣẹ́jú. Iná tí a ń lò ní Nàìjíríà ń yí padà ní àádọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ iná àtijọ́ ní pápá ń ṣẹ́jú ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ojú kò rí i, kámẹ́rà rí i. Bí ìlẹ̀kùn bá yára jù, àwòrán kan á mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á pọ́n bí epo. Ìdá kan nínú 50, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ni ó bá a mu. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ a máa bo ohun tó jìnnà bí aṣọ ìkélé. Àwọn kan kórìíra rẹ̀, àwa fẹ́ràn rẹ̀ nínú àwòrán. Eruku rẹ̀ ni kò dára: ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì níta nígbà ọyẹ́.

Àwòrán tí ẹ rí lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ kẹta ni ó yà á, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù. Bàbá arúgbó kan wá jókòó sí àárín ìjókòó tó ṣófo. Títí di ìgbà yẹn, gbogbo àwòrán rẹ̀ mọ́, òpó dúró, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè mọ bí ibẹ̀ ti tóbi tó, nítorí pé kò sí ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Orí kan ṣoṣo tó fìlà, láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìjókòó, ló wọ̀n ọ́n. Aránṣọ wa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Ṣé ẹ ó jẹ́ kí n yà yín mọ́ pápá yìí?" Bàbá ní, "Kí lo fẹ́ fi arúgbó ṣe, ìwọ ọmọ yìí? Èmi kò níí rẹ́rìn-ín o." Ó ní kí bàbá má ṣèyọnu, ẹ̀yìn ni òun fẹ́ yà. Nọ́ńbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú 36 ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ kàlẹ́ńdà tẹ́ àwọn àwòrán sórí tábìlì, àwọn kan fẹ́ èyí tó ní iná àti èrò, wọ́n ní ìjókòó tó ṣófo kò dùn ún gbé kọ́ ògiri. Ìyá Gbági náà, tí ó wà nínú ìgbìmọ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ìka lé ẹ̀yìn bàbá arúgbó náà, ó ní, "Ẹni tí mo dúró fún nìyí." Wọ́n dìbò, èyí tí ẹ rí ló wọlé, ìbò kan ló sì fi wọlé.

Ní ti owó, oṣù mẹ́jọ nínú méjìlá ni ó ti san, láìpẹ́ ọjọ́, láti inú iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ nìkan. Kámẹ́rà kò tíì mú náírà kan wọlé. Àgbà ìgbìmọ̀ tó yọ awò ojú níjọ́sí kò tíì yí ọkàn padà: ó ní àwòrán dára, òun gbé e kọ́ pálọ̀ òun, ṣùgbọ́n bí ogún ènìyàn bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá lọ́dún kan ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín fọ̀ ọ́ dànù. Àbá wà nílẹ̀ pé kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó ìkọ́ṣẹ́, kékeré, pẹ̀lú ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá, kí ẹ̀yáwó òwò má baà fara gbá. Èrò tiwa ni pé kí a gbà á. Ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀ ni yóò sọ, nítorí náà ẹ wá, kí ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa wí.

Ẹni tó bá ní fọ́tò Liberty àtijọ́ nílé, yálà ti bọ́ọ̀lù, ti ayẹyẹ ilé ìwé tàbí ti ìsìn, kí ó jọ̀wọ́ mú un bọ̀ ní ọjọ́ ìpàdé náà. Aránṣọ wa yóò fi kámẹ́rà rẹ̀ ya ẹ̀dà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sì mú tiyín padà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọdún àti orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má lo bírò, nítorí pé bírò a máa là yọ sójú fọ́tò. Èyí tí ó ń wá jù ni ti ọjọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ọdún 1963. Bàbá rẹ̀ ga, ó dé fìlà abetí-ajá, apá ibi tí kò ní òrùlé ni ó jókòó sí.